Bucks wọ àṣekágbá, èmi wà n'Íbàdàn: báwo lẹ ṣe ń wò ó lóru?

Ọmọ Milwaukee (Mọ́ńdè, 12 oṣù keje 2021)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Milwaukee ni mò ń gbé, ibẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Mo ti ń tẹ̀lé Bucks, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ (basketball) ìlú wa, láti ọdún tí wọn ò jẹ ju eré 15 lọ nínú 82, nígbà tí Giannis ṣì jẹ́ ọmọ tuntun láàárín wọn. Wọ́n wá dé àṣekágbá NBA, líìgì Amẹ́ríkà, báyìí fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1974, ó sì wá bọ́ sí àsìkò tí mo wà n'Íbàdàn. Ìgbéyàwó àbúrò mi ló gbé mi wálé, wọ́n sì ní kí n kúkú ṣe Iléyá kí n tó padà.

Ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ jẹ eré mẹ́rin nínú méje ló ni ife. Phoenix Suns, ẹgbẹ́ Arizona tí a jọ ń dù ú, lù wá nínú eré méjì àkọ́kọ́. Mọ́jú òní la san án padà, 120 sí 100, Giannis nìkan jẹ póìǹtì 41. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àbájáde lórí fóònù ni mo fi mọ gbogbo èyí. Màá tẹ fóònù, á máa yí, á máa yí, nọ́ńbà á wá yọ. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí àwọn eré tó kù. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Bódìjà ni mo dé sí, iná ibẹ̀ ò ṣeé gbọ́kàn lé, àwọn àgbà sì ń sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́yìn odi rí nígbà tí ẹgbẹ́ yín ń lé ife, báwo lẹ ṣe ṣe é?

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀gbọ́n. Kí ẹ tó wá dátà, ẹ kọ́kọ́ to kàlẹ́ńdà yín, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù eré. Wákàtí mẹ́fà ni Nàìjíríà fi ṣáájú Milwaukee lásìkò yìí. Tí wọ́n bá ní Ọjọ́rú, aago mẹ́jọ alẹ́, aago méjì òru Ọjọ́bọ̀ ni tiyín. Mo mọ ẹni tó jí lóru Ọjọ́rú, tó múra, tó jókòó, tó ń bú tẹlifíṣọ̀n pé wọn ò gbé eré wá. Eré ṣì ku ọjọ́ kan gbáko.

Bó ṣe máa rí nìyí: ẹ̀kẹrin, Ọjọ́bọ̀ 15. Ẹ̀karùn-ún, Àìkú 18. Ẹ̀kẹfà, Ọjọ́rú 21, ìyẹn òru ọjọ́ Iléyá gan-an. Tó bá di ẹ̀keje, Ẹtì 23. Aago méjì òru ni gbogbo wọn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Àwa tó wà ní London, aago kan náà pẹ̀lú Èkó ni wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀hún, a jọ ń jìyà ni. Ẹni tó bá wà ní Athens, aago mẹ́rin ìdájí. Ní Salvador, ní Bràsíl, aago mẹ́wàá alẹ́ ni, Tokyo sì ń wò ó ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Àwọn yẹn ò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Onídátà

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Èyí tó rọrùn jù ni DStv. ESPN tó wà lórí ẹ̀ ń gbé àṣekágbá yìí tààrà. Bí díkódà bá wà nínú ilé, ẹ bi wọ́n irú owó tí wọ́n san sórí ẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án bóyá ESPN ń ṣí. Aago méjì òru kọ́ lèèyàn ń mọ̀ pé owó ti tán.

Ìkejì ni League Pass, áàpù tí NBA ń tà fún wíwo eré. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ní Amẹ́ríkà, League Pass kì í fi àṣekágbá hàn tààrà, torí tẹlifíṣọ̀n ABC ló ni ín níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún òkèèrè ló ń fi í hàn, áàpù náà sì ń wo ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì bá sọ pé ẹ wà ni. Wàyí o, ìjọba ti ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, gbogbo ayé ti wá gbé VPN, èyí tó ń mú kí íntánẹ́ẹ̀tì rò pé ìlú mìíràn lèèyàn wà, sórí fóònù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì yan Amẹ́ríkà. Bí VPN yẹn bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ ṣí League Pass, á rò pé Chicago lẹ wà, á sì ti eré mọ́ yín lójú. Ẹ pa VPN, ẹ pa áàpù náà pátápátá, kí ẹ tó tún un ṣí. Mo ti rí ẹni tó lérò pé jìbìtì ni wọ́n lu òun. VPN tó fi ń ka Twitter ni.

YouTube TV tí ẹ ń sanwó ẹ̀ ní Milwaukee kò ní ṣí níbí, ẹ mójú kúrò níbẹ̀. Àwọn kan á ní kí ẹ fi VPN tàn án. Èmi ò bá wọn dá sí i. VPN ọ̀fẹ́ lóru, ńṣe ni àwòrán á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ìkẹta ni rédíò, èyí tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Nínú League Pass kan náà ẹ lè yan ohùn rédíò àwọn ará Milwaukee. Ted Davis ló ń sọ eré Bucks níbẹ̀, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ọ rí nínú mọ́tò mọ̀ pé èèyàn lè fi etí ríran. Fídíò tó mọ́ níwọ̀nba máa ń jẹ nǹkan bíi 700MB ní wákàtí kan, èyí tó mọ́ kedere lè ju 2GB lọ. Ohùn nìkan kì í jẹ tó 100MB. Eré kan sì ń gbà tó wákàtí méjì ààbọ̀.

Dátà òru pọ́ọ́kú lóòótọ́, àmọ́ ẹ ka wákàtí tí wọ́n kọ sára ẹ̀ dáadáa. Òmíràn ń kú ní aago mẹ́rin géérégé. Eré tó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì, kọ́tà kẹrin ẹ̀, ìyẹn ìdá tó gbẹ̀yìn nínú mẹ́rin, ló máa ń bọ́ sí aago mẹ́rin kọjá. Ẹ jẹ́ kí dátà gidi wà lẹ́yìn tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.

Bàbá Ìbejì

Àbúrò, ti dátà kéré. Ti inú ilé ló le.

Mo wà ní Ẹdẹ ní oṣù kẹfà 2019, Toronto ni mò ń gbé nígbà náà, Raptors, ẹgbẹ́ ìlú náà, sì ń bá Golden State fà á nínú àṣekágbá. Mo ti sọ fún bàbá onílé lójúmọmọ pé màá jí lóru wo bọ́ọ̀lù, wọ́n ní kò burú. Ṣùgbọ́n ta ló máa rántí sọ fún ọdẹ àdúgbò? Eré kẹfà lọ títí dé ìṣẹ́jú àáyá tó gbẹ̀yìn, 114 sí 110, aago márùn-ún ìdájí fẹ́ẹ̀ lù. Igbe tí mo ké, mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi. Kíá, ọdẹ fọn fèrè, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dá a lóhùn láti òpópó kejì, tọ́ọ̀ṣì tàn wọ ojú fèrèsé gbòòrò. Bàbá onílé fi aṣọ ìbora bora jáde. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, ọmọ wa ni, ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gba ife." Ọdẹ ní, "Ẹgbẹ́ wo? Chelsea?"

Nítorí náà, kó o rí ọdẹ kó tó di Ọjọ́bọ̀, kó o fún un lówó obì, kó o sọ fún un. Má tan jẹnẹrétọ̀ ní aago méjì òru, wọ́n á ṣẹ́ ọ lépè. Bí wọ́n bá ní ínfátà, béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá ó lè gbé tẹlifíṣọ̀n àti díkódà nìkan fún wákàtí mẹ́ta, kó o sì bá wọn pa fíríìjì. Bí kò bá sí, fi iná kún fóònù àti power bank ní ìrọ̀lẹ́ tí NEPA bá mú iná wá, má retí òru. Ìyápíìsì olókùn ni kó o lò. Èyí tí kò lókùn máa ń kú nígbà tí eré bá dùn.

Oorun náà ńkọ́? Sùn lẹ́yìn ìṣà, ó pẹ́ tán aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹni tó bá ní òun á ti ibẹ̀ wà lójúfò di aago méjì, kọ́tà kejì ló máa ń sùn lọ. Èyí kì í ṣe ìtàn.

Ọmọ Arizona

Ẹ máa fi owó dátà yín ra ata Iléyá o jàre. Suns ló ni ife yìí.

Bàbá Ìbejì

Ẹ jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀, a jọ máa wà níbí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Olóorun

Ẹ̀yin èèyàn yìí, kí lẹ ń fìyà jẹ ara yín fún? Ẹ sùn! League Pass ní ibi tí ẹ ti lè pa nọ́ńbà mọ́ tí kò ní fi àbájáde hàn yín. Ẹ jí ní aago mẹ́fà, kí ẹ wo eré náà látìbẹ̀rẹ̀ dópin pẹ̀lú ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná. Ẹ lè fo gbogbo ìpolówó. Mo ṣe é fún ọdún méjì gbáko tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Dubai.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ní Dubai tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ yín! Ẹni tí gbogbo mọ̀lẹ́bí ẹ̀ wà ní Milwaukee, ta ló máa bá a pa status WhatsApp mọ́? Àwọn ará ìgboro Ìbàdàn ò ní bà á jẹ́ fún un, Euro nìkan ni wọ́n ń sọ. Fóònù tó wà lápò ẹ̀ ni ọ̀tá. Bí ẹ bá fẹ́ wò ó láàárọ̀, fóònù méjì lẹ máa ní: ọ̀kan fún eré, tí kò ní WhatsApp rárá, èkejì á wà ní pípa títí ẹ ó fi wò ó tán. Kódà ìyẹn ò dájú. Ìyàwó á kàn jí, á ní, "Ẹ kú oríire o."

Èmi gbà pé kéèyàn fi òru ṣe é fún àṣekágbá. Eré oṣù kọkànlá, mo lè fi sílẹ̀ di àárọ̀.

Adéyẹmọ Athens

Ohun kan tí ẹ ò tíì sọ: ẹ sọ ẹni tí Giannis jẹ́ fún àwọn àgbà ilé. Ọmọ Adétòkunbọ̀ ni. Àwọn Gíríìkì ló kọ ọ́ ní Antetokounmpo, bó ṣe rí lẹ́yìn aṣọ ẹ̀ yẹn. Èkó ni bàbá ẹ̀, Charles, ti wá sí Athens pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀ ní 1991, wọ́n bí Giannis síbí ní 1994, ní àdúgbò Sepolia ló sì ti dàgbà. Bàbá náà kú ní 2017, kò rí eléyìí. Thanasis ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà wà nínú Bucks. Kò sí àgbàlagbà Yorùbá tó máa gbọ́ èyí tí kò ní béèrè pé, "Ọmọ Adétòkunbọ̀ wo? Ti Ìsàlẹ̀ Èkó ni àbí ti ibòmíràn?" Bó bá ti di báyẹn, pálọ̀ ti di tiyín.

Ọmọ Milwaukee (Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù keje)

Méjì-méjì!! 109 sí 103. Middleton tiwa jẹ póìǹtì 40.

Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Ọdẹ gba owó obì, ó ní kí òun náà wá wò ó, mo ní rárá, ẹ ṣọ́ wa. Díkódà ilé ò ní ESPN, League Pass ni mo bá rà. Ó lọ dáadáa títí ó fi ku nǹkan bíi ìṣẹ́jú kan, tí a fi póìǹtì méjì péré ṣáájú wọn. Booker ti Phoenix sọ bọ́ọ̀lù sókè fún Ayton, ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, Ayton ti fò, bọ́ọ̀lù ti fẹ́ kàn án lọ́wọ́ lẹ́bàá irin. Fídíò bá gan. Ayton wà lójú òfurufú, mo wà lórí ìdúró, kò sẹ́ni tó lè sọ̀kalẹ̀ nínú wa. Nígbà tó máa ṣí, Bucks ló ń gbé bọ́ọ̀lù lọ. Ìgbà tí wọ́n tún un fi hàn ni mo tó mọ̀ pé Giannis ti gbá a dànù.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà láàárín èrò Deer District, níwájú pápá, ti kọ "YEEEEES" ránṣẹ́ kí Ayton tèmi tó fò rárá! Ṣé bó ṣe ń rí nìyẹn?

Sísí Wisconsin

Bó ṣe ń rí nìyẹn o. Ohun tó ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá máa ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ́ lẹ́yìn pápá. Ti DStv yá jù ú. Àmọ́ oṣù keje la wà: bí òjò bá ṣú, DStv ló kọ́kọ́ máa sálọ. Ẹni tó bá rí àyè, kó ní méjèèjì, kí ọ̀kan jẹ́ àpamọ́. Ní ti àwòrán tó ń gan, ẹ fa bó ṣe mọ́ tó wálẹ̀ fúnra yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ kó máa yàn fún ara ẹ̀. Àwòrán tó ṣú díẹ̀ tó ń rìn sàn ju èyí tó mọ́ tó dúró.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má kọ nǹkan kan àfi tí kọ́tà bá parí. Wọn ò ní gbọ́. Ẹ kúkú pa ohùn gbogbo gúrúùpù, kí ẹ fi fóònù dojú bolẹ̀.

Onídátà

Ẹ kún un pé ẹ wo ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára jù nínú ilé náà *lóru*, kì í ṣe lọ́sàn-án. Yàtọ̀ ló máa ń yàtọ̀. Fi síìmù méjì sínú fóònù, ti iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kó o mọ èyí tó yá jù kó tó di aago méjì.

Ọmọ Milwaukee (Àìkú, 18 oṣù keje)

123 sí 119. A ti jẹ mẹ́ta, ó ku ẹyọ kan.

Ẹ̀yin tí ẹ wò ó, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Jrue Holiday. Póìǹtì kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, Booker ní kí òun wọlé lọ jẹ ẹ́, Holiday bá já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ẹ̀ bí ẹni gba ṣéńjì lọ́wọ́ kọ̀ńdọ́. Kò dúró o! Ó sáré, ó sọ ọ́ sókè, Giannis gbá a wọlé. Fídíò ò gan rárá, mo ti fà á wálẹ̀ sí 480.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jí nígbà kọ́tà kẹta. Wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn wá jókòó. Láàárọ̀ wọ́n pe ẹni tó ń bá wọn san DStv, wọ́n ní kó gbé e lọ síbi tí ESPN wà. Àwọn fúnra wọn ló wá ń sọ fún mi báyìí pé òru Iléyá, pálọ̀ ni gbogbo wa máa wà.

Nọ́ọ̀sì Peckham

Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tó máa wà nídìí ẹran dídín náà ò ní tètè sùn lọ́jọ́ yẹn, Ọjọ́rú sì tún jẹ́ ìsinmi. Ẹ má yó jù ṣá. Iyán àti ẹran àgbò ní aago mẹ́wàá alẹ́, kò sí agogo tó lè jí yín.

Nǹkan míì: bí ẹ bá fẹ́ padà sí Amẹ́ríkà lọ́sẹ̀ náà, àyẹ̀wò kòrónà wọn kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ kí ẹ tó wọkọ̀ òfurufú. Ẹ bèèrè lónìí bóyá ibi tí ẹ fẹ́ ṣe é máa ṣí lásìkò ìsinmi. Ayọ̀ bọ́ọ̀lù ti mú ẹlòmíràn gbàgbé páálí rí.

Ọmọ Arizona

Mo ṣì wà níbí o. Eré méje ni.

Ọmọ Milwaukee (Ọjọ́rú, 21 oṣù keje)

105 sí 98. KÒ DI MÉJE.

Póìǹtì 50! Ọkùnrin tí àwọn ará Phoenix ń ka ení, èjì, ẹ̀ta fún nígbàkígbà tó bá dúró láti ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, 17 ló jù wọlé nínú 19. Láti 1971, ìgbà tí Kareem Abdul-Jabbar ń gbá fún wa, ni Milwaukee ti ń retí èyí.

Pálọ̀ kún. Àwọn tó dín ẹran wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ilé wà níbẹ̀, ọdẹ náà dúró lójú fèrèsé, mi ò tún lè lé e. NEPA mú iná lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ kọ́tà kẹta, ínfátà gbé e, kò sẹ́ni tó mira. Tí Giannis bá ti lọ dúró láti ju ọ̀fẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi á ní "bisimilláì". Eré parí kí ládàánì tó pe àsùbáà, kò sì sẹ́ni tó lè bínú sí igbe wa, torí àwọn àgbà ló ké jù.

Ọmọ Arizona

Ẹ kú oríire. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ọmọ wa ni.

Sísí Wisconsin

Ẹ kú oríire o! Ìlú ò sùn níbí. Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, ni wọ́n máa gbé ife yíká ìgboro, ní òwúrọ̀ tiwa, ìrọ̀lẹ́ tiyín. Kò dà bí eré tí wọ́n ń tì mọ́ni lójú, àwọn tẹlifíṣọ̀n Milwaukee á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má tún ra nǹkan kan.

Onídátà

Ẹ má tíì pa League Pass rẹ́ o, àmọ́ ẹ lọ pa ibi tó ti máa ń gba owó fúnra ẹ̀, kí ẹ má bàa jí lọ́dún tó ń bọ̀ kí ẹ bá owó lọ.

Adéyẹmọ Athens

Kí ẹ má sì gbàgbé D'Tigers, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ Nàìjíríà. Àwọn tó na Amẹ́ríkà 90 sí 87 ní Las Vegas lọ́jọ́ 10 oṣù yìí, wọ́n máa pàdé Australia ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní Àìkú, 25. Òwúrọ̀ ni tiwa, ní gbangba ojúmọ́. Holiday àti Middleton náà ń lọ bá Amẹ́ríkà níbẹ̀, ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n á ti sùn.

Ọmọ Milwaukee

Òwúrọ̀ kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń bèèrè ibi tó wà lórí DStv.